Àwọn Tó Fà Mí Yọ Nínú Ọ̀sà Ni Mo Purọ́ Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Mi ò lè dárúkọ ara mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọkùnrin ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo níyàwó, mo sì bímọ mẹ́ta. Ìkòròdú nilé mi wà, Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti gbé irọ́ kan sínú. Irọ́ náà ti pa èèyàn kan, ó ti ba ayé ẹlòmíràn jẹ́, òun náà ni wọ́n sì dúró lé lórí tí wọ́n fi gbé ìbọn fún wa.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àyè yọ fún mi láti sọ òtítọ́ fún ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún gan-an. Irọ́ mìíràn ni mo tún pa. Mo rí i pé tí mi ò bá sọ ọ́ níbì kankan, irọ́ yìí ni wọ́n máa bá mi sin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tò.

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa la máa ń bójú tó àwọn tó ń yọ iyanrìn nínú ọ̀sà. A máa ń wò ó bóyá wọ́n ní ìwé àṣẹ, bóyá ibi tí wọ́n ní kí wọ́n ti máa yọ ọ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kí etí omi má baà máa wó lọ́wọ́ àwọn tó kọ́lé síbẹ̀. A kì í ṣe ọlọ́pàá. Bírò àti ìwé la fi ń ṣe é. Àwọn tí à ń lọ bá kò sì fẹ́ràn wa.

Ní apá Ìmọ̀ta, ẹnì kan ti ṣá obìnrin kan nínú wa ládàá lápá rí. Títí dòní, ìka rẹ̀ méjì kò ṣeé ká. Láti ìgbà yẹn ni Ọ̀gá wa ti ń kọ̀wé sókè pé kí wọ́n jẹ́ kí àwa náà máa gbé ìbọn tí a bá ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í dá a lóhùn. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé èèyàn burúkú làwọn tó ń béèrè ìbọn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ohun tó sì ń bà wọ́n lẹ́rù wà lóòótọ́. Ẹjọ́ tiwọn kọ́ ni mò ń rò. Tèmi ni.

Ẹni tí a jọ máa ń jáde nígbà náà ni Mùtíù. Ọmọ onílùú ni ní Ẹ̀pẹ́, ìdílé apẹja ni wọ́n. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, kò sì sí ọjọ́ Ajé kan tí Mùtíù kì í gbé ẹja wá fún mi nínú ọ̀rá dúdú, á ní ìyá òun ní kí òun kí Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Kì í jiyàn. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, kì í dún, èjìká rẹ̀ nìkan lẹ máa rí tó ń mì.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Ọmọ mi obìnrin àkọ́bí ń jáde nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkòròdú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì ti ṣèlérí fún un pé bó ti wù kó rí, òun á rí mi lórí ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ibì kan wà tí Ọ̀gá ní a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ọjọ́ tó lọ. Mo ní lọ́kàn pé tí a bá tètè jáde, a máa tètè dé, màá sì bá wọn níbi ayẹyẹ náà.

Nígbà tí a dé etí omi láàárọ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi wa kò tíì dé. Wọ́n ní ara ọmọ rẹ̀ kò yá. Obìnrin tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rù wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà kò tíì dé, ibẹ̀ sì ni àwọn jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wà. Mo ní kò burú, pé mo mọ ọkọ̀ yẹn wà kí wọ́n tó gba awakọ̀.

Mùtíù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n. Kò ní ju wákàtí kan lọ."

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ọmọ Ẹ̀pẹ́ wo lomi máa ń gbé?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé sínú ọkọ̀. Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ tí mo fi tì í wọnú ọkọ̀ nìyẹn. Kì bá má wọ̀ ọ́ ká ní mi ò fi ìlú rẹ̀ ṣe é lẹ́gàn.

Ibi tí a ń lọ, páìpù gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó ń gbé iyanrìn láti orí ẹ̀rọ wá sí etí ilẹ̀. Wọ́n máa ń so ó mọ́ àgbá kó lè léfòó, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ ti rì lọ́jọ́ yẹn, omi ti bò ó. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn, àwọn ọkùnrin tó ń wọ omi yọ iyanrìn dìde nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń ju ọwọ́ sí wa. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dá wa padà ni. Inú bí mi. Mo mú eré pọ̀ sí i.

Wọ́n ń sọ fún mi pé páìpù wà níwájú ni.

Mi ò rántí ìró rẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé omi wà lókè mi. Mi ò mọ odò wẹ̀. Ẹnì kan di ọrùn ẹ̀wù mi mú láti ẹ̀yìn, ó fà mí, ó ń fà mí títí mo fi rí ojú ọ̀run. Ó gbé mi sórí iyanrìn tó wà nínú ọkọ̀ wọn, ó tẹ̀ mí láyà, mo bi omi. Ó yọ ẹ̀wù tó gbẹ kan láti inú àpò rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún mi bí ìgbà téèyàn ń wọṣọ fún ọmọ. Ó sì tún padà bẹ́ sómi lọ wá Mùtíù.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wá a. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Oòrùn ti ń ta nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ti bẹ́ níbi tó ti gbá páìpù. Ọkùnrin tó fà mí yọ ló fi aṣọ bò ó lójú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Ègùn ni. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má sunkún." Mo bi í lórúkọ. Ó ní Sèwánú.

Wọ́n fi ọkọ̀ tiwọn gbé wa padà sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n gbé òkú Mùtíù lé ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì yára lọ, torí wọn kì í fẹ́ pẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá wà. Kò pẹ́ ni Ọ̀gá wa dé. Ó wo ọkọ̀ àwọn oníyanrìn tó ń lọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ṣí aṣọ ojú Mùtíù, ó rí egbò orí rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

Ó ní, "Wọ́n yìnbọn fún yín?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mò ń ronú pé èmi ni mo wakọ̀, èmi ni mo ní ká má dúró gba jákẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo sáré lọ gbá páìpù. Ọ̀gá ti ṣí ilẹ̀kùn kan fún mi, kò sì mọ̀ pé òun ṣí i. Orí ni mo mì. Mi ò tilẹ̀ la ẹnu. Mo kàn mi orí.

Gbogbo rẹ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ ọ́ pé wọ́n yìnbọn sí wa láti inú ọkọ̀ wọn, pé Mùtíù yẹra fún ọta, ó ṣubú, ó fi orí gbá etí ọkọ̀, pé ọkọ̀ wa dojú dé, pé àwọn apẹja kan tó ń kọjá ló gbé wa wá sétí omi. Mo buwọ́ lù ú. Mùsùlùmí ni ìdílé Mùtíù, kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti sin ín. Kò sí dókítà kankan tó yẹ orí rẹ̀ wò.

Mo délé nírọ̀lẹ́ nínú ẹ̀wù tí Sèwánú wọ̀ fún mi. Ọmọ mi jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ ayẹyẹ rẹ̀ lọ́rùn, ó ti pinnu pé òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó bú sẹ́kún. Irọ́ kan náà ni mo pa fún òun àti ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá lọ síbi tí àwọn oníyanrìn ń gbé. Gbogbo wọn sá. Sèwánú nìkan ni kò sá. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ni òun máa sá fún, pé òun ló fa ọ̀gá yẹn jáde nínú omi, pé tí wọ́n bá wá, bóyá wọ́n wá dúpẹ́ ni.

Wọ́n pè mí sí àgọ́ ọlọ́pàá pé kí n wá wò ó. Bí mo ṣe wọlé, ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ara yín ti yá?" Ọlọ́pàá bi mí pé ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mi ò purọ́, torí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo sì jáde.

Ó lé lọ́dún kan tó fi wà látìmọ́lé. Wọn kò rí ìbọn kankan, wọn kò rí ẹlẹ́rìí mìíràn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níkẹyìn. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti wà nínú fáìlì.

Kó tó jáde, ọ̀rọ̀ Mùtíù ti di ńlá. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ògiri ọ́fíìsì wa. Ìgbìmọ̀ kan jókòó ní Ìkòròdú lórí bóyá kí wọ́n fún irú àwa òṣìṣẹ́ yìí láyè láti gbé ìbọn lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìyá Mùtíù jókòó síwájú nínú aṣọ funfun, ó ń fi tẹ̀sùbáà ka nǹkan lábẹ́nú. Mo sọ irọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì ń mi orí sí mi bí ẹni tó ń fún mi lókun. Nígbà tí mo parí, àwọn kan ń nu ojú. Àṣẹ náà jáde kí ọdún yẹn tó parí.

Màmá yìí, ẹ gbà mí. Ó máa ń wá sílé mi. Láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, á gbé ẹja wá, á gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi. Ó máa ń ní ohun tó ń tu òun nínú ni pé ọmọ òun kò dá kú, pé ẹni rere ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí bọ́. Ìyàwó mi á gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, èmi á ní mo fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé.

Ìtòsí Ìmọ̀ta ni wọ́n ti ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lo ìbọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Tí wọ́n bá ti kó àwọn tuntun wá, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n lè mọ ìdí tí ìbọn fi wà lọ́wọ́ wọn. Mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi gan-an ń gbọ́ ìró ìbọn tí kò dún rí.

Nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan wà, Dàpọ̀, ọmọ Ìkòròdú níbí. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ló kà ní yunifásítì. Jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń nu bàtà rẹ̀ kó tó wọ yàrá. Lọ́jọ́ náà ó dúró títí gbogbo wọn fi jáde, ó wá bá mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn á ṣe mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yìnbọn?"

Kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò yìnbọn sí mi rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ojú akọni ló fi ń wò mí. Mo ní, "Tí o bá dúró kó o fi mọ̀, o ti kú. Ọwọ́ wọn ni kó o máa wò. Ọwọ́ tó bá ti gòkè, má dúró."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú ìwé kékeré kan jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ti fẹ́ dáwọ́ dúró, a lọ síbì kan lórí ọ̀sà tí wọ́n ti ń yọ iyanrìn láìní ìwé àṣẹ. Àwa mẹ́rin ni. Dàpọ̀ jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọn lórí itan. Ọkọ̀ àwọn oníyanrìn tó márùn-ún níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí wa, àwọn yòókù ń tukọ̀ sá. Ẹnì kan wà lábẹ́ omi tí kò mọ̀ pé a ti dé. Ó jáde, ó gun ọkọ̀ rẹ̀, garawa irin wà lọ́wọ́ rẹ̀ òsì, omi ń ro lára rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì rí mi.

Sèwánú ni. Mo dá a mọ̀ kó tó nu ojú tán.

Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ó ní, "Ọ̀gá!"

Ìkíni ni. Títí màá fi kú, màá sọ pé ìkíni ni. Mo rí eyín rẹ̀. Dàpọ̀ yìnbọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Sèwánú jókòó sórí iyanrìn tó ti kó sínú ọkọ̀ bí ẹni tó rẹ̀, ó wo àyà ara rẹ̀, ó tún wò mí. A gbé e. A ò tíì dé etí omi tó fi dákẹ́.

Dàpọ̀ di apá mi mú. Ojú rẹ̀ kò dúró lára ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó gbé nǹkan sókè, àbí? Ẹ rí i?"

Mo ní, "Mo rí i."

Nínú ìwé tí a kọ, wọ́n kọ ọ́ pé ó gbé ohun kan tó jọ ìbọn sókè. Wọ́n fa fáìlì àtijọ́ yọ, wọ́n rí i pé òun ni wọ́n fura sí nígbà tí wọ́n pa Mùtíù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Irọ́ mi àkọ́kọ́ ló jẹ́rìí sí ìkejì. Èèyàn tó fà mí yọ nínú omi, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé, èmi ni mo kọ́ ẹni tó pa á, èmi náà ni mo tún buwọ́ lù ú pé ikú rẹ̀ tọ́ sí i.

Dàpọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà, ní àdúgbò kan lẹ́yìn Garáàjì Ìkòròdú. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ ní kì í jáde, pé tí àwọn ọmọ àdúgbò bá gbá bọ́ọ̀lù lu géètì, yóò wọ abẹ́ tábìlì. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti gbẹ. Ìbéèrè kan náà ló tún bi mí. Ìdáhùn kan náà ni mo fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n." Mi ò padà lọ mọ́.

Mo sọ fún ìyàwó mi nígbà tí mo dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní ta ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ó ní Mùtíù ò lè gbọ́, Sèwánú ò lè gbọ́, àwọn ọmọ àwa ló máa gbọ́ ọ. Láti ìgbà yẹn, ó ń bu oúnjẹ fún mi, ó ń bi mí bí iṣẹ́ ṣe lọ, ṣùgbọ́n tí Ìyá Mùtíù bá wá báyìí, òun náà ti máa ń wá iṣẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́ parí.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan wá sí ọ́fíìsì wa ní Ẹ̀pẹ́. Ó so ṣálúbàtà rẹ̀ pẹ̀lú okùn, ó sì gbé àpò ike kan mọ́ àyà. Wọ́n darí rẹ̀ sí tábìlì mi. Yorùbá rẹ̀ kò já geere. Ó ní ìyàwó Sèwánú ni òun.

Ó ní wọ́n ń pe àwọn ọmọ òun lọ́mọ apànìyàn létí omi tí àwọn ń gbé, pé wọ́n ti ní kí àwọn kó jáde níbẹ̀. Ó ní ẹnì kan gba òun nímọ̀ràn pé tí ẹnì kan nínú ìjọba bá lè jẹ́rìí pé ọkọ òun kì í ṣe olè, pé kò pa ẹnikẹ́ni, wọ́n á fi àwọn sílẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkọ òun jáde látìmọ́lé, ó sọ fún òun pé ọ̀gá kan wà tí òun fà yọ nínú omi. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó kàn ní ó ga, ó ní ilà kan lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ó ní ọkọ òun kò bínú sí ọ̀gá náà rárá. Ó máa ń sọ pé ẹ̀rù ló bà á, pé lọ́jọ́ kan á rántí òun.

Ó ti lọ sí ọ́fíìsì méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin ni?"

Àwòrán Mùtíù wà lógiri lókè orí mi. Ìyàwó Mùtíù, tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, jókòó sí tábìlì kejì, ó ti dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró. Mo rí i pé gbogbo ayé tí mo ti fi irọ́ kọ́ wà nínú yàrá yẹn.

Mo ní, "Rárá o. Kì í ṣe èmi."

Ó wò mí pẹ́. Mo rò pé ó mọ̀. Bóyá kò mọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì mi, èmi tí mo pa ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà. Mo ṣi èèyàn mú." Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ìyàwó Mùtíù ní káàkiri ayé, ìyà ń jẹ èèyàn o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Tí mo bá sọ ọ́, ìyàwó Mùtíù lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Mùtíù á gbọ́ pé ìkánjú mi ló pa ọmọ òun, pé àdúrà tó ti ń ṣe fún mi láti ọjọ́ yìí, orí ẹni tó pa ọmọ rẹ̀ ló ń dà á sí. Dàpọ̀ á mọ̀ dájú ohun tó ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí òun mọ̀. Wọ́n lè gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ̀rù ń bà lóòótọ́. Èmi á ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n yẹn kò dùn mí, ó tọ́ sí mi.

Tí mi ò bá sì sọ ọ́, orúkọ apànìyàn ni àwọn ọmọ Sèwánú máa jẹ́ títí wọ́n á fi dàgbà. Bàbá wọn kò pa ẹnì kankan. Èèyàn ló gbà là.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fà á ya. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, torí kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ bí mo ṣe lè bẹ Ọlọ́run. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ fún mi: ilé ta ni kí n kọ́kọ́ lọ? Ṣé ti Ìyá Mùtíù ni, ṣé ti Dàpọ̀ ni, àbí ti obìnrin yẹn, tí ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, tí mo jẹ́ kó jáde lọ láìbéèrè ibi tó ń gbé lọ́wọ́ rẹ̀?